Pupa Tí Kò Ṣá Lára Ògiri Ọ̀kà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá bi mí pé ṣé iṣẹ́ kíkun ilé ṣì dára láti kọ́, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. N kò ní ṣe bí àwọn àgbà kan tó máa ń sọ pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló gbé àwọn débi tí àwọn dé. Ní tèmi o, owú ni. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi jowú. Mo jowú èèyàn, mo jowú agolo ọ̀dà, mo wá jowú ògiri, ohun tí kò lẹ́nu, tí kò sì mọ̀ pé mo wà láyé. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ní Ìkàrẹ́ ń kí mi pé, “Ìyá Ọlọ́dà, ẹ kú iṣẹ́ o,” ẹ mọ̀ pé owú ló fi mí joyè yẹn.

Rábíátù ni orúkọ mi. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Ìkàrẹ́. Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni mo gbé ẹrù mi lọ sí Ọ̀kà, lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́fun. Ìyá yìí ló ń kun ojú-ilé fún àwọn ìdílé àtijọ́, ó ń kun àgbàlá, ó sì ń kun ilé òrìṣà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni bàbá mi kò fẹ́. Wọ́n fọwọ́ lẹ́rán títí, wọ́n wá ní, “Ògiri ni kí o kùn. Ohun tí wọ́n bá pa síwájú ògiri, má fẹnu kàn án.” Ìyá Ẹlẹ́fun rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó ní òun náà kò ní ẹran tí òun fẹ́ fi tọrẹ. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, kò sí ariwo kankan níbẹ̀.

Ẹni tó bá wọ àgbàlá Ìyá Ẹlẹ́fun nígbà náà á rí ìkòkò tí wọ́n tò sí ìdí ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Funfun jẹ́ ẹfun. Dúdú jẹ́ èèpo èkùrọ́ tí a sun di èédú. Gbogbo ìyókù, pupa ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ohun tó wà láàárín ẹyin adìẹ, pupa la ń pè é. Ẹ̀jẹ̀, pupa ni. Epo, pupa ni. Iná tó ń jó, pupa ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dúdú, a ní ọmọ pupa ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó gbogbo wọn sínú bí àpò alágbe, inú àpò yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ Ìyá Ẹlẹ́fun wà. Ọ̀rọ̀ náà ló sì kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín.

Òkúta kan wà lẹ́sẹ̀ òkè lẹ́yìn Ọ̀kà, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àárín ẹyin. À ń wà á, à ń gún un lódó, à ń da omi sí i, à ń rò ó. Iyanrìn á sọ̀ kalẹ̀, a ó sì rọra da omi orí rẹ̀ tó rú sínú ìkòkò mìíràn, kó lọ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ohun tó bá kù nísàlẹ̀ á kúnná bí ògì. A ó sá a, a ó tún lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Bí o bá rò pé o ti lọ̀ ọ́ tán, Ìyá á fi ìka mú bíńtín, á fi sí àárín eyín iwájú. Bí iyanrìn bá dún lábẹ́ eyín, kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn gbé igbá náà, á dà á sí gọ́tà, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ nìyẹn. Kò nà wá rí. Ì bá tiẹ̀ nà wá, ì bá sàn.

Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì mi ni Bọ́sẹ̀, ọmọ Ọ̀kà, tí ọjọ́ orí wa kò ju ara lọ. Bọ́sẹ̀ kì í yára, kì í bínú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá ń lọ nǹkan bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, òun á máa lọ tirẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Tirẹ̀ kì í sì í dé gọ́tà. Ìyá a máa pè é ní “Ọwọ́ mi.” “Ọwọ́ mi, bá mi wo èyí.” “Ọwọ́ mi, ṣé ó ti tó?” Èmi ńkọ́? “Ọmọ Ìkàrẹ́” ni. Ọdún kìíní, ọmọ Ìkàrẹ́. Ọdún kẹta, ọmọ Ìkàrẹ́. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú, wọ́n sì ní ìyàwó ilé ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí ọmọ iṣẹ́ méjì lábẹ́ ọ̀gá kan.

Ọjọ́ tí Ìyá kọ́kọ́ ní kí n sun òkúta, bó ṣe wí rèé, ní ohùn àwọn ará Ọ̀kà: “Gbé pupa sínú uná, kí o sun ún títí á fi pupa.” Ó parí. Mo gbé ìyẹ̀fun náà sórí àpáàdì, mo koná mọ́ ọn, mo ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí àpáàdì àti ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n ròrò bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, mo ní ó ti pupa, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó tutù, ó dúdú, ó sì dà bí ẹ̀dọ̀ tó ti sùn mọ́jú. Ìyá wò ó, ó dà á sí gọ́tà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, gọ́tà ló ń jẹ ẹ́. Pupa ti Bọ́sẹ̀ sì ń jáde bí ẹyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lórí ọ̀pẹ.

Mo wá fi ọgbọ́n olè ṣọ́ ọ. Mo rí i pé bí iná bá ti ń jó díẹ̀, á fi àpáàdì kékeré bu bíńtín jáde, á gbé e sórí iyanrìn tútù, á dúró kó tutù tán, á sì wò ó. Bí kò bá tíì dára, á dúró díẹ̀ sí i, á tún bu òmíràn. Ìyẹn ni pé pupa tí Ìyá ń wí kì í ṣe pupa tó wà nínú iná. Pupa tó kù lẹ́yìn tí iná bá ti kúrò ni. Bọ́sẹ̀ mọ èwo ni èwo nínú pupa mẹ́ta tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan, èmi kò mọ̀.

Mo bi í pé, “O mọ̀ ọ́n, o sì ń wò mí bí wọ́n ṣe ń da tèmi nù láti ọ̀sẹ̀ mélòó?”

Ó ní, “O kò bi mí.”

Òótọ́ ni. N kò bi í. Ọ̀rọ̀ yẹn sì gún mi débi pé n kò jẹun ọ̀sán. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́, ẹ gbọ́ mi: ẹ bèèrè. Bíbèèrè kì í jẹ́ ká ṣìnà. Ìgbéraga ni mo fi lọ gbogbo òkúta tó wọ gọ́tà.

Lẹ́yìn èyí, mo mọ̀ ọ́n sun. Ẹ má rò pé mo ya ọ̀lẹ. Mo mọ bí a ṣe ń se èèpo irú títí omi rẹ̀ á fi ki, tí a ó fi po àwọ̀, tí a ó tún fi ra ojú ògiri nígbẹ̀yìn kí òjò lè máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Mo mọ bí a ṣe ń fi òkúta odò dán ògiri kó tó gbẹ tán. Ọwọ́ mi tọ́ ju ti Bọ́sẹ̀ lọ níbi ilà fífà, Ìyá gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa mi kò dà bíi tirẹ̀ rí. Díẹ̀ báyìí ló fi ń kù. Díẹ̀ yẹn ni mo máa ń gbé sùn, tí mo máa ń gbé jí.

Nígbà tí a pé ọdún mẹ́fà níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá kan dé. Ìdílé kan ní Ọ̀kà, n kò ní dárúkọ wọn, fẹ́ fi olórí tuntun jẹ. Wọ́n fẹ́ kí a kun ojú ilé ńlá wọn, ògiri gígùn tí ẹnu ọ̀nà wà láàárín rẹ̀. Ojú Ìyá ti ń ṣú nígbà náà, àwọ̀ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀, bí ó bá sì rìn dé ẹnu ọ̀nà, á kọ́kọ́ jókòó mí. Ó pe àwa méjèèjì.

Ó ní, “Apá ọ̀tún, ti ọmọ Ìkàrẹ́. Apá òsì, ti Ọwọ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń joyè, èyí tí ojú àwọn èèyàn bá yàn, ẹni tó ni ín ni yóò dúró ní ipò mi. Ara mi ò gbà kí n dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀.”

Ẹ ò ní mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ létí mi. Ẹni tó bá gba ipò Ìyá, gbogbo ìdílé láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́ dé Àfìn, òun ni wọ́n á máa ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n n kò níí purọ́ fún yín, kì í ṣe iṣẹ́ tí yóò máa wọlé ni mo ń rò. Ohun tí mo ń rò ni pé kí Ìyá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, níṣojú Bọ́sẹ̀, pé èmi ni.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo jìnnà sẹ́yìn, mo wo apá òsì, mo wo apá ọ̀tún. Ojú mi kò tàn mí. Tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo ra osùn, osùn tí wọ́n fi ń kun ara ìyàwó àti abiyamọ, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo pò ó mọ́ pupa mi. Kí n tó ṣe é ni mo ti mọ̀ pé kò dáa. Ìyá ti sọ fún wa láìmọye ìgbà pé, “Ara èèyàn la ń fi osùn kùn, torí ara á wẹ̀, á tún un kùn. Ògiri kì í tún ara rẹ̀ kùn.” Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi bí mo ṣe ń pò ó. Mo pò ó.

Ọjọ́ oyè, apá mi ń tàn yòò. Àwọn obìnrin ń fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé Ìyá wá sórí àpótí, ó sì bi àgbà ilé náà pé, “Èwo ni ojú yàn?”

Bàbá náà ní, “Ọ̀tún ni o, Ùyá. Ọ̀tún ni. Òsì náà dára o, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni.”

Ìyá gbọ́ ọ. Ó yí ojú rẹ̀ tó ti ṣú sápá ibi tí òun rò pé mo wà, ó ní, “Rábíátù. Ó dáa. Rábíátù ni.”

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pe orúkọ mi. Bọ́sẹ̀ dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bá mi yọ̀ tọkàntọkàn. Mo ń wá ìbínú lójú rẹ̀, n kò rí i, ìyẹn náà sì tún bí mi nínú. Kí òjò ọdún náà tó dá, Ìyá Ẹlẹ́fun ti kú.

Òjò dá, ọyẹ́ dé, oòrùn wá gun orí ògiri. Ní oṣù kìíní, mo ní ojú mi ló ń ṣe mí. Ní oṣù kejì, apá ọ̀tún ti ṣá, ó dà bí iṣu tí wọ́n se tán. Apá òsì dúró gbọn-in. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á rò pé ilé méjì ni. Ìdílé náà ránṣẹ́ sí mi ní Ìkàrẹ́ pé kí n wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn àgbà ilé fẹ́ rí mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ní ara mi ò yá. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní Ìyá Ẹlẹ́fun fi iṣẹ́ lé olè lọ́wọ́, wọ́n á sì jàre.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bàbá mi lé mi dìde. Mo dé Ọ̀kà, mo yí igun ilé, mo sì rí ògiri. Apá ọ̀tún pupa. Ó pupa bíi tòsì, bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló kùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni, ọwọ́ kan náà ni. Mo bá Bọ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ọwọ́.

Mo ní, “Ta ló ní kí o ṣe é?”

Ó ní, “Orúkọ Ùyá ni wọ́n máa bú, Rábí.”

“Kí lo sọ fún wọn?”

“Mo ní ùwọ lo rán mi. Mo ní apá tìrẹ, a kò tíì kùn ún tán tẹ́lẹ̀, a ń dúró kí òjò lọ ni.”

Àwọn ìyàwó ilé ti gbà á gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, pupa tó ti sun pamọ́ fún iṣẹ́ tirẹ̀ ló fi ṣe é. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ fún un. Mo kórìíra rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ṣẹ́gun rẹ, o lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí o fi èrú ṣẹ́gun, tó tún wá bo àṣírí èrú náà fún ọ, kí lo fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe?

Àgbà ilé jáde, ó na ọwọ́ sí ògiri, ó ní, “Áà, Ùyá ò tíì kú! Rábíátù, o káre.”

Mo wo Bọ́sẹ̀. Ó ń kó ìkòkò rẹ̀ jọ. Mo ní, “A dúpẹ́ o, Bàbá.”

Gbólóhùn kan yẹn ni mo ti ń jẹ láti ìgbà náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bọ́sẹ̀ fẹ́ àgbẹ̀ kan, ó bá a lọ sí Àjọwá, n kò sì gbọ́ pé ó tún kun ilé ẹnikẹ́ni.

Èmi bá iṣẹ́ lọ. Ilé alámọ̀ ń wó, ilé síméǹtì ń dìde, agolo ọ̀dà sì wọ ìlú. Búrọ́ṣì gba ipò pákó tí a jẹ lẹ́nu àti àkísà tí a ń ká mọ́ ọwọ́, nígbà tó yá, rólà gba ipò búrọ́ṣì. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù gbé ìwé àwọ̀ dé, pupa inú rẹ̀ nìkan, ojú ìwé méjì. Mo jowú agolo yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà lọ òkúta, ọmọ àná á fi ìṣó ṣí ìdérí, pupa á sì ti wà níbẹ̀, kò ní wọ iná, kò ní wọ eyín. Mo kọ́ ọ, mo sì fi í ṣiṣẹ́, torí ohun tí oníbàárà bá fẹ́ ni. Mo kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tí mo fi agolo kùn, ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, wọ́n á tún pè mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ máa wà. Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni.

Nígbà tí mo ń kun ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkàrẹ́, mo bá olùkọ́ kẹ́mísírì kan pàdé, onísùúrù èèyàn. Mo sọ ọ̀rọ̀ òkúta Ọ̀kà fún un. Ó ní, “Ìyá, irin ni. Òkúta yẹn, irin tó ti dógùn-ún ni, tó sì gba omi sínú. Omi inú rẹ̀ ló jẹ́ kó dà bí ẹyin. Iná tí ẹ ń kó sí i ló ń lé omi náà jáde, tó fi di pupa bí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá sun ún jù, àwọn hóró rẹ̀ á ràn mọ́ ara wọn, á sì dúdú.”

Mo ní, “Kí ló dé tí oòrùn kò fi lè ṣe é ní nǹkan?”

Ó ní, “Irin tó ti dógùn-ún tán, kí ni atẹ́gùn tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ohun tó ti jóná, oòrùn kò tún lè jó o. Nínú ihò àpáta ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn èèyàn àtijọ́ fi irú pupa yìí ya ẹran sára òkúta, àwọn tó yà á ti di iyẹ̀pẹ̀, pupa wọn ṣì wà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ara igi wá, bí osùn, oòrùn á tú u palẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, kò sì pẹ́ tó fi di kíkorò. Ohun tí ọkùnrin yìí fi ìwé ńlá mọ̀, Bọ́sẹ̀ ti fi àpáàdì kékeré àti iyanrìn tútù mọ̀ ọ́n, láìsí ẹni tó sọ fún un.

Láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà kò jìnnà, iṣẹ́ a sì máa gbé mi lọ. Bí mo bá ti fẹ́ kọjá níwájú ilé yẹn, mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń tún gèlè wé. Mo máa ń fẹ́ kó ti ṣá. Ọlọ́run foríjì mí, mo ti gbàdúrà rí kí òjò oníyìnyín gbá a dànù. Àwọn ilé tí mo kùn yí i ká ti pààrọ̀ àwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ògiri yẹn dúró. Àwọn ọmọ ilé á sì máa pariwo mọ́ mi pé, “Ìyá Ọlọ́dà, iṣẹ́ yín rèé o!”

Kò tíì pẹ́ tí obìnrin kan wá láti yunifásítì, dókítà ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ó ti fi ọ̀bẹ tó tín-ín-rín ha bíńtín lára ògiri náà, ó ti gbé e lọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn ará ilé ló júwe mi fún un. Ó wọlé mi ní Ìkàrẹ́, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, “Mà, ẹ̀yin lẹ kun ògiri Ọ̀kà?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó ní, “Ohun kan rú mi lójú, Mà. Lábẹ́ pupa apá ọ̀tún, a rí pupa mìíràn, bíi ti igi. Òsì kò ní in. Kí ló dé tí ẹ fi tẹ́ ẹ sábẹ́?”

Osùn mi ni. Bọ́sẹ̀ kò ha á kúrò tán, ó kàn fi òkúta bò ó. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Osùn ló ń jẹ́ kí ti òkè rẹ̀ di ògiri mú.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fà á nílà lábẹ́. Ó ní òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Èmi náà kò tíì gbọ́ ọ rí. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá kú, ẹnìkan á ka ìwé yẹn, á lọ po osùn sí ìdí ògiri rẹ̀, á ní bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Irọ́ tí mo pa torí ara mi, mo ti wá gbé e wọ Ìyá Ẹlẹ́fun lọ́rùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ jù bẹ́ẹ̀, òtítọ́ kò sì dá wá, àfi bí mo bá lọ pè é.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àjọwá. Mo bá Bọ́sẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó ti hu ewú tán. Mo wo ilé náà yíká, síméǹtì lásán ni, kò sí ọ̀dà kankan lára rẹ̀.

“Rábí! Ṣé ùwọ nìyí? Wọlé, ulé rẹ nìyí.”

Nígbà tí mo mu omi tán, mo ní, “Bọ́sẹ̀, o rántí ògiri ilé ńlá yẹn?”

“Èyí tí o kùn? Bí mo bá mú àwọn ọmọ mi dé Ọ̀kà, mo máa ń fi hàn wọ́n. Mo máa ń ní ọ̀rẹ́ mi ará Ìkàrẹ́ ló kùn ún, kò ṣá títí dòní.”

“Ìwọ lo kùn ún, Bọ́sẹ̀.”

“Òsì ni mo bá ọ kùn.”

“Ọ̀tún ńkọ́? Nígbà tí tèmi ṣá?”

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ronú gidi, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, “Tìrẹ kò ṣá. Mo wá bá ọ parí nǹkan kan níbẹ̀, mo rántí ìyẹn. Ùwọ lo rán mi.”

“Mi ò rán ọ! Osùn ni mo pò mọ́ ọn. Èrú ni mo ṣe. Ìwọ lo bò mí láṣìírí.”

Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, “Ọjọ́ orí ti ń bá wa ṣeré, Rábí. Ṣé o ti jẹun?”

Irọ́ tó pa láti dáàbò bò mí, ó ti pa á títí ó fi di òótọ́ nínú rẹ̀. Mo ti ń bá obìnrin yìí du ohun kan láti ìgbà èwe, òun kò sì mọ̀ pé à ń du nǹkan. Mo jẹ iyán rẹ̀. Iyán náà kúnná, kò ní kókó kan ṣoṣo, n kò sì yìn ín.

Nígbà tí mo padà dé Ìkàrẹ́, mo pe dókítà náà lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Mà, ìwé náà ti jáde. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀.”

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ṣì máa kun ògiri. Ìyá Ẹlẹ́fun kò fi osùn sábẹ́ ohunkóhun rí. Ohun tó wà lábẹ́ pupa apá ọ̀tún yẹn, owú mi ni. Bọ́sẹ̀ ọmọ Ọ̀kà ló kun ògiri náà, ọ̀tún àti òsì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí náà, ó ṣì ń dùn mí wọra pé kì í ṣe èmi.